Ìwé Ìròyìn Ìhà Méjèèjì Bodè

Mo ṣì mọ òórùn ìwé ìròyìn ìgbà yẹn. Onízémìjàn kan, ìyẹn ọlọ́kadà, ló máa ń bá mi rà á bọ̀ láti Pobè lórí alùpùpù rẹ̀, inú àpò tó fi ń kó ike epo pupa ló sì máa ń tì í bọ̀, débi pé kò sí ọ̀rọ̀ ìjọba kan tí mo kà lọ́dún náà tí kò ní òórùn epo. Kó tó dé ọwọ́ mi ní Adja-Ouèrè, ìlú wa, ìròyìn ọ̀hún á ti pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé wa, màá tẹ́ ẹ sórí itan, màá kà á títí dé ìkéde òkú. Olùkọ́ ìtàn àti jọ́gíráfì ni mí ní kọlẹ́ẹ̀jì, gbogbo àdúgbò sì gbà pé ẹni tó bá mọ orúkọ àwọn odò ilẹ̀ òkèèrè á mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn ààrẹ. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ti ẹnubodè àwa àti Nàìjíríà pa ni mò ń sọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí ìyá wa, ọ̀hún ni ilé ọkọ wọn wà, láàárín àwọn Ohori, ẹ̀yà Yorùbá bíi tiwa, tó jẹ́ pé ààlà lásán ló pín wa. Tẹ́lẹ̀, bí àgbàdo bá ti gbó, ẹ̀gbọ́n mi á dé. Bí ọkàn wọn bá kàn fà sí ilé, wọ́n á dé. Ọdún yẹn ni wọn ò dé, ọdún náà gan-an sì ni ẹsẹ̀ ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí èémí wọn ń kúrú. Nọ́ọ̀sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n má retí pé àìsàn náà á lọ. Ìyá náà mọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́: kí àkọ́bí wọn wá jókòó tì wọ́n nígbà tí ojú wọn ṣì mọ èèyàn.

Láràárọ̀ ni ìbéèrè náà ń jáde láti orí ẹní.

“Ṣé wọ́n ti ṣí i?”

“Wọn ò tíì ṣí i, Ìyá.”

“Kí ni ìwé rẹ sọ?”

Ohun tí ìwé mi sọ ti sú mi. Ìwé ìròyìn kan ní àwa ò ṣe nǹkan kan, ìgbéraga aládùúgbò wa ló fa gbogbo rẹ̀. Èkejì ní oríkunkun ìjọba tiwa ni. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ pé ẹnì kan tó fìdí rẹmi nínú ìbò ló ni ìwé ọ̀hún. Rédíò òkèèrè kan tó ń sọ Faransé kedere ṣàlàyé ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá ń wá lọ́dọ̀ wa, ó sọ̀rọ̀ náà dáadáa, àmọ́ kò bi ẹnikẹ́ni nínú wa léèrè nǹkan kan. Lórí Wásáàpù, ohùn ọkùnrin kan ń sunkún pé wọ́n ti ń lé àwọn èèyàn wa jáde lọ́hùn-ún. Ìyá gbọ́ ọ, wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ohùn kan náà ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ káàkiri tẹ́lẹ̀ nípa orílẹ̀-èdè mìíràn pátápátá. Mo wá bẹ ọ̀rẹ́ mi kan ní Kútọnu pé kó bá mi wá ìwé tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Èyí tó fi ránṣẹ́ nípọn bíi bíríkì. Mo kà á tán, mo mọ bí àwọn ọba ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ń bá ara wọn dá májẹ̀mú nígbà láéláé, bodè wa ṣì wà ní títì.

Ọjọ́ Ìsinmi ni a máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ṣùgbọ́n nílé wa, èèyàn kì í pe obìnrin tó wà nílé ọkọ kó má kọ́kọ́ kí ọkọ rẹ̀. Ìyá ò ní gbà, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni lójú wọn. Nítorí náà, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni màá kọ́kọ́ kí: a ó kí ilé, a ó kí oko, a ó kí àwọn ọmọ. Olùkọ́ ni àna mi yìí náà, ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ló ń kà ní tirẹ̀. Bí a bá kí ara wa tán, á ní, “Kí ni wọ́n ń wí lọ́dọ̀ yín?” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti bẹ́. Mi ò lè sọ fún yín bí inú mi ṣe máa ń dùn tó. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ tí ò fẹ́ gbọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, mo wá rí ẹni bá sọ̀rọ̀ àdéhùn láàárín ìjọba àti ìjọba. Á ka tirẹ̀ fún mi, màá túmọ̀ tèmi fún un. Ìyá á sì jókòó sórí ẹní, wọ́n á na ọwọ́ sílẹ̀ de fóònù.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà le.

“Àna, ìjọba yín ló ń kọ ìwé tí ẹ ń kà yẹn,” ló wí.

“Ta ló ń kọ tiyín?” ni mo dá a lóhùn.

Ó ní àwọn èèyàn wa ló ń ṣe fàyàwọ́. Mo ní àwọn wo ló ń rà á lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ la wà tí fóònù fi dákẹ́; owó inú rẹ̀ ti tán. Ìyá ṣì na ọwọ́.

“Ṣé ó ti kàn mí?”

“Owó rẹ̀ ló tán, Ìyá.”

Wọ́n ká ọwọ́ wọn padà. “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kú iṣẹ́ ìjọba,” ni wọ́n wí, wọ́n sì yíjú sí ògiri. Ojú tì mí, mo jáde lọ dúró sẹ́yìn ilé bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Àna mi bínú. Bí mo bá pè, kì í gbé e mọ́, fóònù rẹ̀ nìkan la sì fi ń rí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ̀rọ̀. Ìwé tirẹ̀ ní àwọn sójà wa ń mú ẹnikẹ́ni tó bá kọjá, ó sì ní kí ìyàwó òun dúró kó rọlẹ̀ ná. Ìwé tèmi ní àwọn sójà tiwọn ló ń mú èèyàn, èmi náà ní kí Ìyá ṣe sùúrù. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá ń rù lójoojúmọ́. Ó rẹ gbogbo wa. Kódà àwọn aládùúgbò tó máa ń wá gbọ́ ìròyìn lẹ́nu mi ò wá mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo wà lórí bẹ́ǹṣì mi, mo ń kàwé, ni zémìjàn kan dúró níwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀ kalẹ̀, eruku bo ẹsẹ̀ wọn dé orúnkún. Wọ́n ní ọkọ àwọn ń ka ìwé ìròyìn lọ́wọ́ nígbà tí àwọn gbé agbọ̀n bí ẹni ń lọ wa gbágùúdá. Àwọn obìnrin tó ní oko níhìn-ín àti lọ́hùn-ún ni wọ́n tẹ̀ lé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti bodè, àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ò tíì pa oko wọn tì rí.

Ìyá di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú, wọ́n sì dá wọn mọ̀. Mo ṣì ń dúpẹ́ ìyẹn.

“Ọ̀nà wo lo gbà?”

“Ọ̀nà oko ni, Ìyá. Ọ̀nà tí ẹ gbà mú mi lọ sílé ọkọ.”

Ìyá yíjú wò mí. “Kò sí nínú ìwé rẹ?”

Èmi gan-an ni mo ru àpótí ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀nà náà lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ. Ọrùn ro mí títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà, mo sì sunkún nígbà tí a ń padà bọ̀ láìsí wọn. Mo mọ gbogbo igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò padà títí Ìyá fi kú. Ọ̀nà oko yẹn náà ni àna mi gbà wá sìnkú. A jókòó pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì, a ò dárúkọ ìjọba kankan. Nígbà tí wọ́n wá ṣí bodè, ìwé ìròyìn ìhà méjèèjì gbé e sójú ewé àkọ́kọ́, ìkọ̀ọ̀kan sì yin ìjọba tirẹ̀.

Irun mi ti ń funfun báyìí. Mo ṣì ń kà. Àna mi a máa ya fọ́tò ìwé ìròyìn tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, èmi náà á ya tèmi sí i; níbi tí méjèèjì bá ti fẹnu kò, a ó gbà á gbọ́ díẹ̀. Iṣẹ́ tó ń mú kó rẹ èèyàn ni. Bí ogun bá bẹ́ níbì kan láyé, àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ ní kọlẹ́ẹ̀jì a máa bi mí pé èwo nínú ohun tí wọ́n ń kà ni kí wọ́n gbà gbọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé mi ò tíì rí èyí tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Mo ní kí wọ́n ka ti ìhà méjèèjì, kí wọ́n sì wá ẹni tó ń gbé níbẹ̀ pè. Ṣùgbọ́n bí ìyá ẹnì kan bá wà lórí ẹní tó na ọwọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé fóònù fún un.