Orúkọ Tí Mo Tì Sínú

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rọrùn, ẹ bi í bóyá ó ti bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣe é rí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan la fi jọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Lásùnwọ̀n, n'Ìkòròdú, èmi níwájú kọ̀ǹpútà, òun lẹ́yìn mi, tí òórùn róòbù tó fi ra orúnkún ń lọ sí mi nímú. Bàbá wọn, ìyẹn bàbá tó bí ìyá mi, ti kú ní Ẹ̀pẹ́, àdúrà ogójì ọjọ́ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àlàájì ni gbogbo wa ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, òun sì ni àkọ́bí bàbá. Ó ní àfi kí wọ́n gbé ìtàn ìgbésí ayé bàbá sára ògiri gbọ̀ngàn, kí gbogbo ayé kà á. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ojú mẹ́jọ, ó kó o lé mi lọ́wọ́. Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n", mo mọ̀, ṣùgbọ́n inú tó bí mi nígbà náà kò tíì rọ̀.

Mi ò lè kọ̀ fún un. Ilé rẹ̀ ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti wá kàwé ní Ìkòròdú. Iwájú ilé náà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, iná tí kọ̀ǹpútà mi sì ń lò, pálọ̀ rẹ̀ ni wáyà rẹ̀ ti wá. Ẹja tó wọ ìgèrè ni mo jẹ́ nínú ilé yẹn. Ẹnu ọ̀nà tí mo gbà wọlé ṣì wà níbẹ̀, mò ń rí i lójoojúmọ́, mi ò kàn lè gba ibẹ̀ jáde ni.

Ọ̀rọ̀ ṣókí ni síláìdì, ìyẹn ojú ewé tí wọ́n máa fi iná tàn sára ògiri, fẹ́, Àlàájì kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ṣókí. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo, lórí bí bàbá ṣe ra ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ tó fi ń kó ẹja kọjá ọ̀sà, gba ojú ìwé kan àbọ̀. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ wọlé ni kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń dín lẹ́tà kù kí ọ̀rọ̀ lè gba inú àpótí rẹ̀, títí ó fi di ohun tí èèrà nìkan lè kà.

"Àlàájì, ẹ jẹ́ ká gé e díẹ̀."

"Gé kí ni? Bàbá mi lo fẹ́ gé?"

Mo pín ìpínrọ̀ náà sí mẹ́ta. Mo fi àyè sáàárín ìlà àti ìlà kí ojú lè rí ibi sinmi. Ó tún ní òun fẹ́ kí etí òsì àti etí ọ̀tún gún régé bíi ti ìwé ìròyìn. Mo mú kó gún, ni àwọn ọ̀rọ̀ bá fọ́n ká, àlàfo wà láàárín wọn bí eyín arúgbó. Ó ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. Ohun kan ṣoṣo tó pa mí lẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ yẹn ni àmì róbótó dúdú tí kọ̀ǹpútà máa ń fi síwájú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan láì bi ẹnikẹ́ni. Àlàájì fẹjú mọ́ ọn.

"Kí ni ìgbẹ́ eku yìí ń wá níwájú Bìsímílà?"

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Síláìdì tó kẹ́yìn ni ti orúkọ àwọn ọmọ. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, ìyá mi ni àbíkẹ́yìn. Mo tò wọ́n sí ìlà mẹ́sàn-án, ìgbẹ́ eku kan níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn bára dọ́gba. Àlàájì na ìka sí orúkọ ìyá mi.

"Ti ìyẹn sínú díẹ̀."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọmọ Agbówà ni ìyá tó bí ìyá mi, ọmọ olóko, òun sì ni ìyàwó tó kéré jù. Oṣù méje lẹ́yìn tó wọlé ọkọ ní Ẹ̀pẹ́ ló bímọ. Bàbá gbé ọmọ náà, ó pa àgbò, ó sọ ọ́ lórúkọ fúnra rẹ̀, ó ní ọmọ òun ni, pé ara ló yá a. Kò sẹ́ni tó lè yanu lójú bàbá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, Olóṣù-Méje ni wọ́n ń pe ìyá mi, títí tí òun náà fi bímọ, títí tí irun rẹ̀ fi funfun. Bàbá tó ń gbèjà rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ báyìí. Síláìdì orúkọ yẹn gan-an ni wọ́n sì fẹ́ tẹ̀ jáde, kí wọ́n fi gíláàsì bò ó, kí wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀ bàbá. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ọmọ yóò máa kà.

"Àlàájì, ọmọ bàbá ni Màámi náà o."

"Ta ló ní kì í ṣe ọmọ bàbá? Sínú díẹ̀ ni mo ní. Bí mo ṣe kọ ọ́ ni kí o ṣe é."

Mo wo ìwé rẹ̀. Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ló kọ ọ́, ó ti sún orúkọ náà wọlé ní ìwọ̀n ìka méjì.

Mo tẹ bọ́tìnì tí wọ́n ń pè ní Táàbù. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Orúkọ ìyá mi wọlé sábẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú rẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n yẹn ló bí i. Lẹ́tà rẹ̀ kéré sí ti àwọn yòókù, àmì róbótó rẹ̀ sì di ìlà tín-ín-rín. Èmi kọ́ ni mo ní kó kéré o, kọ̀ǹpútà ló ṣe ìyẹn. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti wọ abẹ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kéré. Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo mọ òwe náà dáadáa, mo sì dákẹ́. Mo ń tan ara mi pé ìyá mi kò kúkú mọ̀wé, kéú nìkan ló kà. Kò ní mọ̀.

Lọ́jọ́ àdúrà, inú mọ́tò Àlàájì la bá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yìn ni mo wà, láàárín àwọn àǹtí méjì tó sanra, mi ò lè yí sọ́tùn-ún, mi ò lè yí sósì. Orí itan Àlàájì ni kọ̀ǹpútà wà. Nígbà tí a kọjá Agbówà, mo rántí ìyá ìyá mi, ojú tì mí, mo bá di ojú bí ẹni tó ń sùn.

Gbọ̀ngàn náà kún dẹ́nu. Àwọn àáfà ṣàdúrà tán, wọ́n fa kọ́tìnì, wọ́n tan pùrójẹ́kítọ̀. Ìyá mi wá jókòó tì mí nídìí kọ̀ǹpútà, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn pé ọmọ òun ló ń ṣe ohun tí gbogbo Ẹ̀pẹ́ ń wò. Ìpínrọ̀ ń kọjá, àwọn ènìyàn ń mi orí. Ó wá kan orúkọ àwọn ọmọ. Mo fẹ́ tètè ṣí i kúrò, ṣùgbọ́n Àlàájì gbé ọwọ́ sókè níwájú.

"Dá a dúró síbẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n kà á."

Ìyá mi kò mọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ó mọ iye ọmọ tí bàbá rẹ̀ bí. Mo rí ìka rẹ̀ lórí itan, tó ń ka ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ka mẹ́jọ, ó dúró.

"Ìkẹsàn-án ni tèmi," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ sí mi létí. "Kí ló gbé e wọ inú? Àbí ẹ̀rọ yẹn ló ṣe é?"

"Ẹ̀rọ ni, Màámi."

"Kò burú. Wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀rọ ni." Ó fi ìborùn nu ojú.

Mi ò mọ ohun tó gbé mi. Mo di bọ́tìnì Ṣíìfù mú, mo tẹ Táàbù. Lójú gbogbo wọn, orúkọ ìyá mi jáde wá, ó dúró lórí ìlà pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ tóbi bíi tiwọn, ìgbẹ́ eku tirẹ̀ náà wà níwájú. Àlàájì yíjú padà, ó wò mí. Mo mọ̀ pé ojú yẹn ń dúró dè mí ní Ìkòròdú. Mo yíjú sí ìyá mi, mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ mi ló ń wò. Ìka mi ṣì wà lórí bọ́tìnì méjèèjì.

"Ó ti tán?"

"Ó ti tán, Màámi."

Ó wo ògiri, ó tún wo ọwọ́ mi.

"Odindi ọ̀sẹ̀ kan lo fi ṣe iṣẹ́ yìí," ó ní. "O ò rí ìka méjì fún mi."