Àpò Tí Wọ́n Ya Ẹja Sí

Inú tètè máa ń bí mi. Ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi kìlọ̀ fún mi títí ẹnu fi fẹ́ bó o lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ kí ìyá àfẹ́sọ́nà mi ní Ẹ̀fọ̀n fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní bí ìyá náà kò bá gbà mí, ọmọ rẹ̀ kò ní lè fẹ́ mi. Èmi sì rèé, mo fẹ́ràn ọkùnrin náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Tíṣà ni mí ní Àrámọkọ nígbà náà. Ará Íńdíà kan tí òun náà ń kọ́ni ń gbé nítòsí wa, ìyàwó rẹ̀ kì í sì í jókòó lásán. Á gé igbá ṣe yẹtí, á rán àpò, á wá ya ẹyẹ, ewé àti ẹja sí gbogbo ara wọn, bí àwọn ìyá rẹ̀ ṣe ń yà á sára ògiri ilé wọn. Dúdú ìdí ìkòkò àti àtalẹ̀ pupa wà lára ohun tó fi ń ṣe ọ̀dà. Bí àyè tó ṣẹ́ kù kò bá ju ìka lọ, á ki òdòdó bọ̀ ọ́. Nígbà tó gbọ́ ibi tí mò ń lọ, ó fún mi ní àpò tó ya ẹja ńlá méjì sí, ojú wọn là roboto bí ojú ẹni tó ń gbọ́ òfófó. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ẹja ni wọ́n ń yà fún ìyàwó kó lè bímọ púpọ̀. Mo gbé e kọ́ èjìká, mo rò pé kò sí ọmọge bí èmi ní gbogbo Èkìtì.

Ohun tí àwa méjèèjì kò rò ni pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ya orí sí pátákó, irun ló ń gẹ̀. Ẹni tó ya bàtà, bàtà ló ń ṣe. Kí n tó jókòó nínú bọ̀lẹ́kájà, obìnrin kan ti bi mí pé, “Ẹlẹ́ja, tútù ni àbí gbígbẹ?” Mo ní n kì í ta ẹja. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi ní, “Ẹ fi í lẹ̀, ó ti ní oníbàárà ní Ẹ̀fọ̀n.” Ó kù díẹ̀ kí n bú u, mo rántí ìyá mi.

Mo kúnlẹ̀ kí ìyá àfẹ́sọ́nà mi. Àpò ló ń wò, kò wo ojú mi. Kí n tó dìde, ó ti ké sí àwọn obìnrin ẹ̀yìnkùlé pé, “Ẹ gbé uṣu kaná o, ìyàwó mú ẹja bọ̀.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo ń dáhùn pé kò tọ́pẹ́, òótọ́ ni mo sì ń sọ.

Ìyá náà na ọwọ́, mo gbé àpò fún un. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yọ ìyarun. Ó tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yọ páúdà, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ẹja dà?”

Ìtìjú àti ìbínú jọ gbé mi. Mo ní, “Ìyá, kì í ṣe ẹja, ọmọ ni. Ẹni tó yà á ní àwọn ọmọ tí mo máa bí nìyẹn.”

Mo ti ń ro bí mo ṣe máa padà sí Àrámọkọ láìní ọkọ.

Ìyá náà kó ìyarun àti páúdà mi sórí ẹní, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó bọ́ síta láìdágbére. Nígbà tó dé, ìrù ẹja àrọ̀ ti yọ lẹ́nu àpò, omi ń kán, ojú ọ̀kan nínú àwọn ẹja yíyà sì ti ṣàn wọnú òdòdó. Ó na ọ̀bẹ sí mi.

“Gbà, wọ ulé ìdáná, ọmọ mi. Bó o bá padà, sọ fún ẹni tó yà á pé méjì kéré.”

Inú mi dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ náà. Ìyá náà jẹ tirẹ̀ tán, ó sì gbé omi mu títí.