Ìrìn Àjò Rùkáyàt sí Ìlú Tí Wọ́n Ti Ń Se Òróró Róòsì

Imú ni Rùkáyàt Àkàngbé fi ń jẹun. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta òróró lọ́fíńdà ní Mushin, bí oníbàárà bá wọlé, ó máa ń kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ara onítọ̀hún kó tó nawọ́ sí ìgò kankan. Láti Surulere àti Yaba ni wọ́n ti ń wá a wá, torí òróró tó bá pò fún ọ, o ò ní gbọ́ irú rẹ̀ lára ẹlòmíràn. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ náà. Ìyá yìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, a máa gbé ìgò òróró róòsì sókè síbi ìmọ́lẹ̀, a ní, "Íńdíà ni wọ́n ti ń se eléyìí. Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, a ó lọ wo ibẹ̀." Ó kú, kò dé ibẹ̀.

Lọ́dún tí kòrónà dé, ibà kan dá Rùkáyàt dùbúlẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ṣí ìgò, kò gbọ́ òórùn kankan. Ó ní wọ́n ti bu omi lú òróró náà. Ó pe Abdulmuiz tó ń kó ọjà fún un, ó bú u títí ọkùnrin náà fi fi Kùránì búra. Àfi ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀, Àmínát, já wọ ilé ìdáná, tó sì já ìṣáná gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ sun gbogbo wa ni? Gáàsì ti gba gbogbo ilé!"

Rùkáyàt dúró, ó ń wò ó. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé kì í ṣe òróró ló bàjẹ́.

Dókítà ní iṣan tó ń gbé òórùn lọ sínú ọpọlọ ló ti kú. Ó lè jí, ó lè má jí. Rùkáyàt ò jẹ́ kí oníbàárà kankan mọ̀. Àmínát di imú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń dúró sí, tí yóò máa fọwọ́ tọ́ ọ léjìká nígbà tí òróró bá pé. Oúnjẹ di iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu Rùkáyàt. Ó ń wẹ̀ lemọ́lemọ́, torí kò mọ̀ bóyá òun ń rùn.

Ọkàn rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé bí òun bá dé orísun òróró róòsì náà, kó ṣì gbóná, kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ti inú ìkòkò bọ̀, imú òun á jí.

"Bí kò bá wá jí ńkọ́?" Àmínát bi í.

"Máa bá mi gbàdúrà."

Victor, ọmọ Ìlúpéjú kan tó ń kàwé ní Íńdíà, ló mú un dé ìlú Kannauj, tó sì ń ṣe ògbufọ̀ fún un. Ìdájí ni wọ́n wọ oko róòsì. Àwọn obìnrin ń já òdòdó sínú àpò, ìrì ṣì wà lórí rẹ̀. Wọ́n kó o lọ sábẹ́ àtíbàbà kan, wọ́n dà á sínú ìkòkò bàbà ńlá, wọ́n fi amọ̀ lẹ ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n sì koná igi sí i nídìí. Ọ̀pá ọparun ló ń gbé ooru òdòdó náà lọ sínú ìkòkò mìíràn tí wọ́n rì sómi, tí òróró igi sándà wà nínú rẹ̀.

"Àǹtí, òórùn yìí mà ga o!" Victor ń pariwo. "Ó ń wọ orí èèyàn lọ ni!"

Rùkáyàt rẹ́rìn-ín. Èéfín ta á lójú. Ìyẹn nìkan ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ iná kán òróró sí i lẹ́yìn ọwọ́. Rùkáyàt gbé e sí imú, ó dijú, ó fa èémí títí àyà fi dùn ún. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ó dùn gan-an," ló wí.

Bàbá náà wò ó, ó sọ̀rọ̀. Victor kọ́kọ́ ń lọ́ tìkọ̀.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Wọ́n ní ojú yín ò yí padà rárá."

"Sọ fún wọn pé mi ò gbọ́ nǹkan kan. Láti ìgbà kòrónà."

Ó bá bú sẹ́kún. Ìyá tó ní imú kò dé ibẹ̀. Ọmọ tó dé ibẹ̀ kò ní imú. Bàbá náà fa àpótí fún un, ó bu omi fún un, ó sì padà sídìí iná rẹ̀, torí ìkòkò kì í dúró de ẹkún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó padà sí Mushin, ó sọ òtítọ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Àwọn kan ní ó ti tan àwọn jẹ, wọn ò yà síbẹ̀ mọ́. Kò dá wọn lẹ́bi. Àmínát ló ń po òróró báyìí. Rùkáyàt a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a máa sọ èyí tó rántí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tíṣà kan láti Yaba, Adéfúnmiláyọ̀, wọlé. Ó ń fẹ́ òróró tí bàbá òun máa ń rà lọ́wọ́ wọn kó tó kú. Rùkáyàt ronú, ó ní, "Róòsì díẹ̀. Sándà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ta kànáfùrù sí i, kó kàn kán lẹ́ẹ̀kan." Àmínát pò ó, ó sì fi ra obìnrin náà lọ́wọ́. Adéfúnmiláyọ̀ gbé ọwọ́ sí imú, ẹnu rẹ̀ là, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Rùkáyàt tẹjú mọ́ ọn, bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo ẹnu ẹni tó ń jẹun.

"Ṣé ó pé?"

"Ó pé, Mà. Òun gan-an ni."

Lẹ́yìn tó lọ, Àmínát na ọwọ́ tí òróró wà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Rùkáyàt mirí.

"Nu ọwọ́ rẹ," ló wí. "Ẹlòmíràn ń bọ̀."