Ohùn Tó Pè Mí Nínú Hẹ́dífóònù Tòkunbọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ohun tí ojú mi rí ní Bẹ́yẹrúnkà n'Ìbàdàn lọ́sàn-án gangan fún yín. Tí ẹ bá jẹ́ ẹni tó máa ń fi nǹkan dí etí gbọ́ ohùn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o!

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa tún wàásù tí wọ́n gbà sílẹ̀ ṣe. Àwọn ààfáà ń gbé e wá, àwọn pásítọ̀ náà ń gbé e wá, èmi á yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ikọ́ kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra hẹ́dífóònù tòkunbọ̀ kan ní Ọjà'ba. Ó tóbi, ó wúwo, wọ́n kọ ẹgbẹ̀ta óòmù sí i lára. Mo rò pé bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn rẹ̀ á ṣe ròkè tó. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!

Mo ki wáyà rẹ̀ bọ láptọ́ọ̀pù, ohùn ibẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri lọ. Mo gbé e tọ Bọ̀dá Ràṣídì tó ń tún rédíò ṣe nísàlẹ̀ Mápó. Wọ́n ní óòmù ni ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná, pé láptọ́ọ̀pù ò lágbára tó lè gbé irú rẹ̀, àfi kí n wá ámpílífáyà tó bá a mu. Wọ́n ní wáyà rẹ̀ náà ti já nínú, kí n fi sílẹ̀ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Mo ra ámpílífáyà kékeré kan lọ́wọ́ wọn. Wáyà ńkọ́? Mo ní màá ṣe é fúnra mi, ṣebí mo ní irin tí wọ́n fi ń jó òjé nílé! Agídí mi nìyẹn. Ìyá mi sọ ọ́ títí wọ́n fi kú.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti kú. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé a ò ní ohùn wọn lọ́wọ́. Gbogbo fọ́ìsì nóòtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni mo ti pa rẹ́ kí fóònù mi má baà kún. Ẹ wo ìyà! Ó ti ń di pé mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń pè mí mọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù, ti wòlíìmọ̀ mi, nígbà tí mo parí Kùránì lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Àmọ́ iwájú ààfáà tó ń wàásù ni wọ́n gbé máíkì méjì sí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ohùn ààfáà bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Mo ti dà á sórí láptọ́ọ̀pù, mo ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, ìyá mi ò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo jó wáyà tuntun náà tán, èmi nìkan ni mo wà nílé. Oòrùn ti dé àtàrí, agbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ní kí n fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn dán an wò. Mo yí ámpílífáyà sókè.

Ààfáà ò sí níbẹ̀ mọ́!

Ibi tó yẹ kí ohùn wọn wà ṣófo, bí ìgbà tí èèyàn dorí kọ kànga. Mo ń gbọ́ abọ́ tó ń kọlu ara wọn, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń rìn lórí yanrìn. Ìgbà náà ni ẹnì kan pè mí nítòsí etí mi: “Àjọkẹ́! Àjọkẹ́! Máa bọ̀ o. Àwọn èèyàn ti ń dúró dè ẹ́!”

Ìyá mi ni. Ràfíátù ni gbogbo ayé ń pè mí, ìyá mi nìkan ló ń pè mí ní Àjọkẹ́.

Kí ni mo ṣe? Mo dáhùn! “Mà!” ti jáde lẹ́nu mi kí n tó ronú. Mo já nǹkan náà kúrò lórí, mo sáré jáde láìwọ bàtà.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Sàlímọ́tù, àbúrò ìyá mi, ni mo sá lọ, agbo ilé kan náà la jọ wà. Bí mo ṣe rò ó tán, wọ́n ká ọwọ́ lérí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: “O dá wọn lóhùn?”

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá pe èèyàn lọ́sàn-án gangan tí kò rí ẹni tó pè é, kì í dáhùn. Ká má tíì wá sọ pé òkú ló ní kó máa bọ̀! Àǹtí ní mi ò gbọdọ̀ lọ sí Ìlọrin tí mo fẹ́ lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n ṣe sàráà, kí n sì gbé nǹkan náà kúrò nílé. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi jáde. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́. Àwọn wo ló ń dúró dè mí?

Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbé e lọ fún Bọ̀dá Ràṣídì. Wọ́n fi sétí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tú ẹnu wáyà mi, ibi tí wọ́n ń kì bọ ámpílífáyà. Wọ́n ṣàlàyé pé wáyà méjì ló ń wọ etí kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń gbé ohùn lọ, ọ̀kan ń dá a padà. Àwọn tó ń dá a padà gbọ́dọ̀ kan ìdí ẹnu wáyà. Èmi so àwọn méjèèjì mọ́ra, mo gbàgbé láti so wọ́n mọ́ ìdí! Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ohùn tó bá dọ́gba lọ́tùn-ún àti lósì á pa ara wọn rẹ́, tẹ̀gbẹ́ kan ló máa kù. Ààfáà tó wà láàárín ló pòórá. Ìyá mi tó ń dáná lápá òsì ló kù.

Ó yé mi, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Wọ́n ní kí n gbọ́ ọ kọjá ibi tí mo ti sá. Ìyá mi tún pè mí, mo fọwọ́ bo ẹnu. Ni ohùn tínrín kan bá dáhùn láti òkèèrè: “Mà! Mò ń bọ̀, Màámi, mò ń wá bàtà mi ni!”

Èmi ni! Èmi, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn tó wá síbi wòlíìmọ̀ mi ló ń dúró dè mí. Mo ti jẹ́ ìpè yẹn tipẹ́tipẹ́. Mo sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù wọn títí imú mi fi dí.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe wáyà méjì fún mi, èyí tó péye fún iṣẹ́, àti èyí tó ní àṣìṣe mi. Bọ̀dá Ràṣídì bi mí pé: “Ṣé ẹ ní kí n mọ̀-ọ́n-mọ̀ bà á jẹ́ ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Nílé, Àǹtí Sàlímọ́tù kọ́kọ́ yarí. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e sórí, wọ́n dijú. Mo rí i tí ètè wọn ń mì. Bí Àǹtí ṣe dé ibi tí ìyá mi ti ń pè wọ́n pé kí wọ́n gbé omi wá, wọ́n dìde dúró, wọ́n figbe ta: “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ń gbé omi náà bọ̀!”

Látọjọ́ náà, wọn ò bá mi wí mọ́ pé mo dáhùn.

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: ẹ wá ámpílífáyà tó tó hẹ́dífóònù yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ wáyà ṣe wáyà. Ẹ sì má pa ohùn àwọn èèyàn yín rẹ́ torí àyè fóònù, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin ńkọ́? Ohùn ta ni ẹ ti gbọ́ níbi tí ẹ ò fọkàn sí? Ṣé ẹ dáhùn? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀ níbí.