Mọ́tò Librado Gbọ́dọ̀ Yege

Ká ní ọdún kan péré ni wọ́n fi tètè ṣe mọ́tò yẹn ni, ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí wáyé. Òfin ìpínlẹ̀ California kì í yọ mọ́tò 1975, tàbí èyí tó dàgbà jù ú lọ, lẹ́nu; kó máa rú èéfín bí ilé ìdáná, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Ṣùgbọ́n Chevrolet ti Librado Barragán, 1976 ni, ó sì gbọ́dọ̀ máa yege àyẹ̀wò èéfín. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ títí irun orí wọn fi funfun. Wọ́n á ní, "Librado, lọ́jọ́ tí o ra mọ́tò yìí, ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?"

Librado ti wá kú nígbà òtútù tó kọjá, mọ́tò rẹ̀ sì wà nínú gáréèjì wọn ní ìlú Selma, lábẹ́ aṣọ, bó ṣe wà láti ọdún mẹ́wàá. Ó pupa, ó ń dán, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Eufemia ìyàwó rẹ̀ ló kù tó ń wò ó. Obìnrin yìí fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dúró nídìí iṣẹ́, ó ń ṣa àjàrà gbígbẹ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń dì í sínú páálí. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló máa ń jókòó, ìjókòó ọwọ́ ọ̀tún nínú mọ́tò pupa yẹn sì ni. Ọkọ rẹ̀ á máa wà á jẹ́jẹ́ gba títì àárín ìlú, àwọn èèyàn á sì máa wò wọ́n. Eufemia mọ mọ́tò wà, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan sítíárìn rẹ̀ rí. Librado ò ní kó má fọwọ́ kàn án o, kò ṣáà fìgbà kan sọ pé kó fọwọ́ kàn án.

Ohun kan ṣoṣo ló wá ń wu Eufemia: kí òun náà wa mọ́tò yẹn gba títì àárín ìlú, kí òun sì ṣí fèrèsé sílẹ̀. Adán, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Sacramento, ò rí i bẹ́ẹ̀.

Ó sọ fún un lórí fóònù pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí ìjọba gbà á. Wọ́n ń gba àwọn ògbólógbòó mọ́tò báyìí, wọ́n á sanwó rẹ̀, wọ́n á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, a ó sì ra kékeré kan tó dáa fún yín."

"Ṣé èmi náà kì í ṣe ògbólógbòó ni? Ìgbà wo lo fẹ́ kó èmi náà lọ?"

"Màmá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"O ò sọ ọ́, ẹnu ẹ ló sọ ọ́. Ó dáa, gbọ́. Bí kò bá yege àyẹ̀wò èéfín kí oṣù Kẹfà yìí tó parí, wá gbé e. Mi ò ní bá ẹ jà, mi ò sì ní sunkún."

Ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Eufemia kì í sì í ṣe ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ kó tún gbé e mì.

Mẹkáníìkì kan bá a fi bátìrì tuntun sí i, ó pààrọ̀ táyà àti bíréèkì, ó sì fa epo tó ti bàjẹ́ dànù. Eufemia gba ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò dé ibi àyẹ̀wò, ó sì gbé e lọ. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Vartan, bí orúkọ tó wà láyà ẹ̀wù rẹ̀ ṣe sọ. Ó ní kí Eufemia gun orí àwọn irin róbótó tí táyà máa ń yí lé lórí bí wọ́n bá ń yẹ mọ́tò wò. Eufemia gbìyànjú rẹ̀, nǹkan sì ha lábẹ́ mọ́tò gbàrà.

Vartan sáré na ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró, Màmá. Ikùn rẹ̀ ń ha ilẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tún tẹná mọ́ ọn, síléńsà yín á já síbí." Ó rìn lọ sẹ́yìn, ó tẹ búùtù mọ́tò wò. "Kí ló wà nínú ibí tó wúwo báyìí?"

"Yanrìn ni."

"Yanrìn kẹ̀?"

"Ọkọ mi ló kó àpò yanrìn síbẹ̀. Bí ìdí mọ́tò ò bá wálẹ̀, kí lo fẹ́ káwọn èèyàn máa wò?"

Vartan rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Màmá, pọ́ńpù afẹ́fẹ́ dà? Ibi tó yẹ kó wà rèé, àyè òfìfo ni. Páìpù rẹ̀ náà ò sí. Ẹ kó yanrìn yẹn kúrò, kẹ́ ẹ sì lọ wá pọ́ńpù. Bí ohun tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ò bá pé, mi ò lè ní ó yege, èéfín rẹ̀ ì báà máa ta sánsán bíi tùràrí ṣọ́ọ̀ṣì."

Eufemia mọ ìtàn pọ́ńpù náà ju bí Vartan ṣe rò lọ. Ohun kékeré kan ni, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú èéfín kí ó lè jó tán kó tó jáde. Nígbà tí Librado àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n gbà pé ó ń jí agbára ẹ́ńjìnnì, ni kálukú bá tú tiẹ̀ jù sí ààtàn. Wọ́n rò pé òfin yẹn ò ní pẹ́ kógbá sílé. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò lọ, wọ́n dáwó ra ẹyọ kan ṣoṣo pẹ̀lú páìpù àti bẹ́líìtì rẹ̀, wọ́n kó o sínú páálí oníke tí wọ́n fi ń kó mílíìkì. Bí àyẹ̀wò bá kan ẹnì kan, yóò gbé páálí náà, yóò dè é mọ́ mọ́tò rẹ̀, yóò yege, yóò sì tú u kí ilẹ̀ tó ṣú, kó gbé e fún ẹni tó kàn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ó fi ku Librado àti Cuco Villaseñor nìkan nínú ẹgbẹ́ náà.

Cuco yìí ló gbé Adán lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìsàmì fún un. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní compadre, tí Eufemia sì di comadre. Ọ̀rẹ́ yẹn dàrú lórí pọ́ńpù. Librado ló lò ó kẹ́yìn, ó ní òun gbé páálí náà sí ẹnu ọ̀nà Cuco pẹ̀lú ohun gbogbo nínú rẹ̀. Cuco ní òun ò rí pọ́ńpù níbẹ̀. Èkíní ní olè ni èkejì, èkejì ní òpùrọ́ ni èkíní. Owó àtira òmíràn wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á ti fẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun ló sọ ti tẹ́lẹ̀ nù, wọn ò sì ní í gbà láéláé. Ni Librado bá fi aṣọ bo mọ́tò rẹ̀ títí ó fi kú. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí mọ àwọn méjèèjì dáadáa. Màlúù ò lágídí tó wọn.

Nígbà tí Eufemia délé, ó ṣí búùtù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa àpò yanrìn jáde. Àpò náà ti gbó, yanrìn ń dà sí i lẹ́sẹ̀, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Ó ń fà á lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbé èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó rí ẹ̀wù iṣẹ́ Librado kan tó ká jọ. Ohun líle kan wà nínú rẹ̀. Ó tú u.

Pọ́ńpù ni.

Ọ̀rọ̀ náà yé e lójú ẹsẹ̀. Librado ti di pọ́ńpù náà sínú ẹ̀wù kó má bàa fi epo ra búùtù, ó fẹ́ gbé e lọ fún Cuco. Kó tó lọ, ó kó yanrìn lé e, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mọ́tò òun tí ìdí rẹ̀ ga sókè. Ó wá gbé páálí lọ láìsí pọ́ńpù nínú rẹ̀, ó sì ti gbàgbé. Gbogbo ọdún tó fi ń pe Cuco lólè, inú mọ́tò tòun fúnra rẹ̀ ni pọ́ńpù náà wà.

Inú bí Eufemia gan-an. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín yanrìn, ó ní, "Librado, olórí kunkun. Ká ní o wà láàyè ni, ìwọ lo máa jẹ yanrìn yìí." Lẹ́yìn náà ló sunkún, nítorí kò sí láàyè.

Ó lè dákẹ́. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n páìpù àti bẹ́líìtì wà nínú páálí, páálí sì wà lọ́dọ̀ Cuco. Bí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, Eufemia mọ̀ pé òun ò ní lè sùn. Ó ká pọ́ńpù náà padà sínú ẹ̀wù, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ.

Cuco ṣílẹ̀kùn, kò ní kó wọlé. "Comadre. Kí lẹ dì mọ́ àyà yẹn? Bó bá jẹ́ tàmálè tí màá jẹ ni, ẹ wọlé. Bí kì í bá ṣe tàmálè, mò ń sùn."

Eufemia ṣí ẹ̀wù náà. Cuco wò ó.

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Nínú búùtù, lábẹ́ yanrìn."

"Búùtù ta ni?"

"Ẹ mọ búùtù ẹni tó jẹ́, compadre."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fẹnu yín sọ ọ́."

"Búùtù Librado ni. Òun ló jẹ̀bi. Ẹ ò jí nǹkan kan."

"Gbogbo ìlú ló pè mí lólè nítorí rẹ̀, comadre. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin ín, òdìkejì títì ni mo dúró sí."

"Mo rí yín."

"Ẹ rí mi, ẹ ò pè mí."

"Mi ò pè yín. Èmi náà gbà pé ẹ̀yin lẹ gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Cuco wọlé lọ, ó sì gbé páálí náà jáde, eruku bò ó. "Ẹ gbà. Ẹ lò ó, kẹ́ ẹ sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Ohun tí ọkọ yín ò lè ṣe nìyẹn." Ó ti ilẹ̀kùn.

Bí Eufemia ṣe ń jáde ló rí mọ́tò Cuco lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tapólì bò ó, koríko ti hù yí táyà rẹ̀ ká. Mọ́tò méjì ni ẹyọ pọ́ńpù kan ti sọ di òkú.

Ó kó irinṣẹ́ Librado jáde, ó bẹ̀rẹ̀. Ìka rẹ̀ bó. Bóòtù kan jábọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ó fi ọ̀sán gbáko wá a. Nígbà tó dè é tán tó tan mọ́tò, bẹ́líìtì náà ń han bí ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà. "Bẹ́líìtì yẹn dẹ̀."

Cuco ni. Ariwo náà ló gbọ́ dé ilé. Eufemia ò gbójú sókè. "Mo gbọ́."

"Bẹ́ ẹ bá gbọ́, kí lẹ wá ń ṣe?"

"Mò ń mú un le."

"Ẹ̀ ń tú u ni. Apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ yí i sí."

Kò wọ inú ọgbà. Ó dúró síbẹ̀ tó ń pàṣẹ títí oòrùn fi wọ̀. Eufemia gbé kọfí fún un lórí ọgbà, ó mu ún, ó sì ní ṣúgà rẹ̀ kéré. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó ní, "Ẹ má gbé e dé ọ̀hún ní tútù o. Ẹ́ńjìnnì tútù, èéfín rẹ̀ máa ń burú. Ẹ kọ́kọ́ sáré dáadáa lórí títì ńlá. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ pa á, ẹ má pa á."

Ọjọ́ tó parí oṣù ni Eufemia padà lọ. Ìdí mọ́tò ti ga sókè bí ti àgbà ọ̀lẹ tí wọ́n jí láti ojú oorun, ojú sì ń tì í díẹ̀ fún Librado. Ó sáré lórí títì ńlá títí ara ẹ́ńjìnnì fi gbóná, ó sì yà sí ibi àyẹ̀wò. Mọ́tò mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀.

Vartan ní, "Màmá, ẹ pa á, ó máa pẹ́ díẹ̀."

"Mi ò pa á."

"Ẹni mẹ́ta ló ṣì wà níwájú yín."

"Mo mọ̀ ọ́n kà. Mi ò pa á."

Oòrùn oṣù Kẹfà ní Selma kì í ṣe kékeré. Mọ́tò tó bá dúró lójú kan nínú rẹ̀, ara rẹ̀ á máa gbóná sí i ni. Eufemia ń wo abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Bó bá dé ibi pupa, omi á hó, ó parí nìyẹn. Bó bá sì pa á, á tutù, èéfín á burú, ó parí náà nìyẹn. Ó rántí ohun tí Librado máa ń ṣe. Ó na ọwọ́, ó ṣí ẹ̀rọ tó ń fa ooru ẹ́ńjìnnì wọnú mọ́tò nígbà òtútù, ó ṣí i dé òpin. Ooru ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lù ú lójú. Abẹ́rẹ́ dúró. Òógùn bò ó, aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ètè rẹ̀ gbẹ. Obìnrin kan tó kọjá béèrè bóyá ara rẹ̀ dá, ó ní dídá ló dá. Ó di sítíárìn mú, ó jókòó. Ẹ ò ní wá gbé e lọ, ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀ nìyẹn, ẹ ò ní wá gbé e lọ.

Nígbà tó kàn án, mọ́tò náà gun irin láìha. Vartan wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo pọ́ńpù, ó ní ó pé. Táyà ń yí lójú kan, ẹ̀rọ ń fa èéfín. Eufemia dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó pẹ́ kí Vartan tó wá bá a, ike omi ló sì mú lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ mu omi."

"Ṣó yege?"

"Ẹ mu omi ná."

"Vartan."

"Ó yege. Díẹ̀ báyìí ló fi kọjá, ṣùgbọ́n ìwé kì í kọ díẹ̀."

Eufemia mu omi náà tán. Ó pe Adán, ó ní, "Má wulẹ̀ wá," ó sì pa fóònù.

Kò gba títì àárín ìlú. Ó kọ́kọ́ wà á lọ sílé Cuco, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú pọ́ńpù náà bó tilẹ̀ ń jó o lọ́wọ́. Cuco jáde, ó ń wò ó.

"Ẹ jẹ́ kó tutù, comadre. Mọ́tò yín ń kọ́? Kí lẹ máa fi sí i?"

"Màá ra tiwa lọ́la, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tí rírà rẹ̀ ń bá wí mọ́." Ó nu pọ́ńpù náà, ó fi ẹ̀wù Librado dì í, ó sì gbé e lé Cuco lọ́wọ́. "Librado ní kí n bá òun dá a padà. Ó ní kẹ́ ẹ má bínú pé ó pẹ́."

Cuco dì í mú fún ìgbà pípẹ́. Ó fi apá nu ojú, ó gbé pọ́ńpù náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì di ẹ̀wù náà mú. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò lápá ọ̀tún, níbi tí Eufemia máa ń jókòó láyé ọjọ́un, ó sì jókòó síbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ gbé mi lọ sí ibojì rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ bá a sọ."

Eufemia ṣí fèrèsé. Títì àárín ìlú ni ọ̀nà ibẹ̀ gbà.