Àwọn Tó Wá Kí Màámi Kú Ewu

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní láàbù ò yé ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé wa ní Ìta Fájì nílùú Èkó. Mo máa ń kó sẹ́ẹ̀lì, àwọn ègé tínńtín tó para pọ̀ di ara wa, sínú ooru, kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń bọ̀ sípò. RNA ni ẹ̀dà àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ inú ara, àmọ́ ọ̀kan wà tí kì í ṣe purotéènì kankan jáde. Pàǹtí ni wọ́n pè é fún wa nílé ẹ̀kọ́, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wo àwo sẹ́ẹ̀lì méjì. Mo ti yọ RNA yìí kúrò nínú ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì inú àwo méjèèjì la ooru já. Àfi ìgbà tí ooru lọ tán tí àwọn tí kò ní RNA yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Háà! Ẹnu mi ò lè padé. Pàǹtí yìí ló ń dá àwọn iṣẹ́ kan dúró títí ara sẹ́ẹ̀lì á fi balẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí àbúrò mi fi pè mí lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ooru mú Màámi, wọ́n dákú níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn o! Ṣùgbọ́n wọ́n ti jí, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má dààmú, ilé ti kún."

Ilé ti kún! Mo sáré forí lé ilé. Ládùúgbò wa, ẹni tó bá bọ́ nínú ewu, kíá làwọn èèyàn á dé láti kí i. Màámi ò sì ní dùbúlẹ̀ níwájú àlejò láéláé.

Nígbà tí mo dé, èrò ti dí fèrèsé pa. Màámi jókòó ṣánṣán, gèlè lórí, wọ́n ń fọwọ́ ara wọn pín mínírà ẹlẹ́rìndòdò fáwọn àlejò. Mo fọwọ́ kan ọrùn wọn, ó gbóná janjan.

"Ẹ jáde!" ni mo kígbe. "Gbogbo yín, ẹ jáde!"

Ọmọ Ìta Fájì kì í lé àgbà tó wá kí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin fariga: "Ṣé ìwé tó o kà ló sọ ẹ́ di aláìlẹ́kọ̀ọ́ báyìí?"

Màámi fẹ́ bá mi wí. Wọ́n lanu, ọ̀rọ̀ ò jáde, ni wọ́n bá wó lù mí.

Ọsibítù ni wọ́n ti lajú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ṣé o ti bẹ àwọn àlejò mi?" ni Màámi bi mí.

Mo gbọ́ ohùn àwọn àlejò tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ṣíwájú. Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó. Mi ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀ ju pé mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé títí ara Màámi á fi balẹ̀.