Olójú Ìràwọ̀ Tó Wà Lójú Fèrèsé Wa

Ìbídùnní Àdùkẹ́, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ olókè, ọmọ tí àpáta ṣe odi fún bàbá rẹ̀, arìn-pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé omi lérí, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo. Ó rẹ̀ mí, ẹ̀yin ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí iyè tèmi náà tó ra.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, orí ẹní kan náà ni èmi àti ẹ̀ ń sùn. Àbúrò bàbá wa, Àjàyí, lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó ní erékùṣù kan láàárín òkun. Nígbà tó dé, nǹkan funfun méjì ló kó fún wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù àgbàlagbà. Mo ní òkúta ni. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ kúkú ni mí, orí àpáta la ti ń sá èlùbọ́, ibẹ̀ náà la ti ń ṣeré. Kí ni mo tún mọ̀ ju òkúta lọ?

Àbúrò bàbá wa rẹ́rìn-ín. Ó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sára òkúta ẹ̀yìnkùlé, kò ṣe nǹkan kan. Ó fún un sí ìdí nǹkan funfun yẹn, ló bá ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọṣẹ.

"Ṣé ẹ rí i? Egungun ni. Ohun abẹ̀mí kéékèèké ló kọ́ ọ sábẹ́ òkun, níbi tí omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ulé ni ojú ihò kọ̀ọ̀kan yìí."

"Àwọn tó ń gbé inú ilé náà dà?" Èmi ni mo bi í.

"Wọ́n ti kú. Ulé wọn ló kù."

Ó wá kọ́ wa bí a ṣe ń dá wọn mọ̀. Ara ọ̀kan, ipa ló ń lọ́ kiri níbẹ̀ bí ọ̀nà ikán lára ògiri; a pè é ní Ọlọ́nà ikán. Ti èkejì, ojú ara rẹ̀ dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó rí roboto, etí rẹ̀ ga díẹ̀, inú rẹ̀ sì dà bí ọsàn tí a là sí méjì, tí awẹ́ tín-ín-rín yí àárín ká. Òun la pè ní Olójú Ìràwọ̀. Ìbídùnní a dijú, a fọwọ́ bà á, a sì dárúkọ rẹ̀ láìṣì í pè. Èmi a ní, "Òkúta ni gbogbo ẹ̀." Òun a ní, "Olórí uṣu, gbẹ́nu ẹ dákẹ́." Torí pé orí mi gùn bí iṣu ni. Kò sẹ́lòmíì tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ọlọ́nà ikán sọnù nígbà tí wọ́n wó ilé àtijọ́. Olójú Ìràwọ̀ ló kù lójú fèrèsé ilé tuntun wa.

Ogbó dé. Ojú Ìbídùnní kọ́kọ́ fọ́, lẹ́yìn náà iyè rẹ̀ ra. Kò mọ Bándélé ọmọ rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Àgbàdo mọ́. Bí mo bá lọ jókòó tì í, á ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ wá kí?" Ìyẹn ló pa mí ju ikú lọ. Mi ò bẹ Ọlọ́run pé kí ara rẹ̀ yá mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mọ̀ mí lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ.

Lọ́jọ́ kan mo mú Olójú Ìràwọ̀ dání lọ. Mo gbé e lé e lọ́wọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára rẹ̀. Ó wọ ojú kan, ó jáde, ó wọ òmíràn.

"Olójú Ìràwọ̀ ni."

Mo ní, "Òkúta ni."

Àtàǹpàkò rẹ̀ dúró nínú ojú kan. Ó wá ní, "Olórí uṣu, gbẹ́nu ẹ dákẹ́."

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Fóònù lẹ ń gbé sí nǹkan báyìí kó lè sọ orúkọ rẹ̀ fún un yín. Ọmọ-ọmọ mi gbé e sí Olójú Ìràwọ̀, orúkọ gígùn kan jáde tí ahọ́n mi ò yí sí. Ó lè jẹ́ òótọ́, mi ò bá a jiyàn. Àmọ́ ẹni tó mọ orúkọ tèmi ò sí mọ́. Ulé ló kù.

Ọjọ́ Ẹtì la sin Ìbídùnní, ní Ìkẹ́rẹ́, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀.